Ọjọ́ Tí Agbọ́rọ̀ Gbọ́ Oríkì Àdìgún

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú aṣọ yẹn kúrò lára ẹ̀. Agbọ́rọ̀ kì í yẹ ohun tó bá bora wò."

Ọdẹ́wùmí ni ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ibùdó bàálù ń bá wí. Ó gbé ẹrù gígùn náà sórí tábìlì dígí, ó sì ń tú ìró ìyá rẹ̀ tó fi wé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tú ọ̀já lẹ́yìn ọmọ tó sùn. Ìró tán, ìbọn yọ. Ṣakabùlà bàbá rẹ̀ ni. Igi ìdí rẹ̀ ti dúdú fún òógùn ọwọ́ àádọ́rin ọdún, awọ ẹtu tí wọ́n fi dì í lọ́rùn ti gbẹ mọ́ irin. Dígí tábìlì, tó funfun báláú tẹ́lẹ̀, pọ́n bí ojú ẹni tó bínú.

"Kò ní nọ́ńbà," ni ohùn kan wí láti inú ògiri.

Agbọ́rọ̀ nìyẹn. Kì í pariwo, kì í kánjú, àárẹ̀ kì í sì í mú un. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti mọ ìwé kọ, tó mọ àwòrán yà, tí ojú èèyàn ò sì lè mọ ayédèrú yàtọ̀ mọ́, ìwé kì í ṣe ẹ̀rí ní Èkó Òkè. Ẹnu ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ohun tó gbé dání, Agbọ́rọ̀ yóò sì gbọ́ ọ títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀fun.

"Kò ní nọ́ńbà lóòótọ́," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, kì í ṣe ìjọba."

Ọmọbìnrin tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nínú aṣọ aláwọ̀ eérú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ṣindára ni orúkọ tó wà láyà rẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. "Ẹ̀tù ńkọ́, Ìyá? Ẹ̀tù wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí. Ẹ̀tù wà nílé, lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la fẹ́ yìn ín."

"Kí ni ẹ fẹ́ yìn ín sí?" ni Agbọ́rọ̀ bi í.

"Afẹ́fẹ́."

Ó jọ pé Agbọ́rọ̀ kò tíì gbọ́ irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdẹ́wùmí wo aago ara ògiri. Wákàtí kan ló kù kí bàálù Ìgbòho gbéra. Látìgbà tí wọ́n ti gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n fi í jìn fún igbó, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni bàálù alààyè ń lọ sápá ibẹ̀. Bàálù òkú ti gbé bàbá rẹ̀ lọ láti ọjọ́ kẹsàn-án, torí òfin ò gbà kí òkú ọdẹ àti ìbọn rẹ̀ jọ wọ ọkọ̀ kan. Wọ́n ti sin ín. Ìrọ̀lẹ́ òní ni ìṣípà: àwọn ọdẹ yóò kó irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ sétí igbó, àkọ́bí rẹ̀ yóò yin ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì kí i ní oríkì rẹ̀, àkígbẹ̀yìn, kí ó lè mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti dá òun sílẹ̀. Ọdẹ tí a kò ṣípà fún, inú ìgbẹ́ ni yóò máa rìn kiri, yóò máa wá ẹni tí yóò ní kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, Ọdẹ́wùmí ni àkọ́bí.

"Ẹ̀yin náà ń lọ pẹran ni, Màmá?"

Ọkùnrin tó bèèrè wà lẹ́nu ọ̀nà kejì, èyí tí wọ́n kọ ÀLEJÒ IGBÓ sí lókè. Ó ga, ara rẹ̀ ń dán, ó wọ bàtà awọ tí ẹrẹ̀ ò kàn rí. Ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan gbé àpótí ìbọn rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e bí ajá. Dígí tirẹ̀ tutù bí ewé ẹ̀fọ́.

"Kúṣoró ni mí," ó ní. "Ẹfọ̀n ni tèmi. Nọ́ńbà igba ó lé méjìlá. Wọ́n ti fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ wò ó." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, àwòrán sì tàn níbẹ̀: akọ ẹfọ̀n kan tó tẹrí balẹ̀ mu omi, irin wà létí rẹ̀.

Ọdẹ́wùmí mọ odò náà. Ibẹ̀ ló ti ń pọnmi nígbà tó wà lọ́mọge.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á?"

"Àwọn tó ni igbó ni. Wọ́n ní ó ti dàgbà, ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Mò ń bá wọn tún igbó ṣe ni." Ó rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ kan ti bu omi tútù fún un.

"Ó dáa náà," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Àlejò ń lọ pa ẹfọ̀n, wọ́n bomi fún un. Onílé fẹ́ yin afẹ́fẹ́, wọ́n dá a dúró. Ayé yìí mà ti kọ́ èdè tuntun."

"Màmá, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó. Ètò ni gbogbo ẹ̀."

"Bí wọ́n bá gún ọ lọ́bẹ létòlétò, ẹ̀jẹ̀ ò ní jáde ni?"

Ṣindára sún mọ́ ọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Ìpín kẹsàn-án nínú òfin gba ìbọn ìdílé láyè. Ẹ ṣáà sọ ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ fún Agbọ́rọ̀. Kò gùn rárá. Orúkọ àti ìlú, ó parí."

"Ta ló ni ìbọn yìí?" ni Agbọ́rọ̀ bèèrè.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé, bó bá ṣe é pè ní àṣìṣe. Ẹlòmíràn ì bá ní "Ọdẹ́rìndé Àdìgún, ará Ìgbòho," ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ Ọdẹ́wùmí, a kì í pe orúkọ ọdẹ níhòòhò lójú ìbọn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti já aṣọ lára àgbà láàárín ọjà. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, kò sí ilé ìwé tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé igi ìbọn, ó la ohùn:

"Ọdẹ́rìndé, Àdìgún, ọkọ ìyá mi,
ọmọ a-fi-ìrókò-ṣ'ègùn,
a-rí-ẹfọ̀n-má-yà-lọ́nà.
Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ó pa ẹfọ̀n mẹ́ta:
ó fi awọ ọ̀kan tẹ́ ìyá ìkókó,
ó fi ìwo ọ̀kan bomi fún àgbà,
ó gé ẹ̀kẹta wẹ́lẹwẹ̀lẹ,
àdúgbò jẹ, àlejò jẹ, ajá jẹ.
Ẹkùn dínà odò lọ́dún ọ̀dá,
Àdìgún lọ pàdé rẹ̀ létí omi,
ó ní ìwọ bímọ, èmi náà bímọ,
òùngbẹ ò mọ ọmọ ẹranko yàtọ̀ sọ́mọ èèyàn.
Ẹkùn ò mu. Ọmọ Ìgbòho mu.
Ìmàdò ìdí iṣu, ẹ bi í ní ìró ìbọn yìí,
ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í padà wá jẹ iṣu mọ́."

Obìnrin kan lára àwọn tó tò sẹ́yìn ní, "Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere." Ẹlòmíràn nu ojú. Ṣindára nìkan ló fi ọwọ́ bo ẹnu, torí ó mọ etí tó ń gbọ́.

"A ti gbọ́," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Ẹfọ̀n, mẹ́ta. Ẹkùn, ọ̀kan. Ìmàdò, iye tí a kò tíì mọ̀. Ọdẹ́rìndé Àdìgún pa ẹran tí òfin dáàbò bò."

"Òfin wo? Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo wí. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta rèé. Bàbá ẹni tó kọ òfin yín ò tíì gbé ìyá rẹ̀ níyàwó."

"Òfin Ìsinmi Igbó ń wo iwájú, ó sì ń wo ẹ̀yìn."

Ọdẹ́wùmí wo ògiri náà bí ẹni tó ń wá ojú lára rẹ̀ kó lè gbá a létí. Kò sí ojú. Ó ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ rere lòun sọ yìí, ọfà ló yọ.

Ṣindára ò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò bó ti ń ṣàlàyé. "Ìyá, ọ̀nà méjì ló kù. Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ búra pé irọ́ ni oríkì yẹn. Ìbọn á kọjá láìfarapa, ẹ máa yìn ín nírọ̀lẹ́."

"Oríkì ńkọ́?"

"Á wọ ìwé irọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ ìwé irọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní gbangba mọ́. Etí Agbọ́rọ̀ wà lórí òpó títí dé Ìgbòho. Ẹni tó bá kí bàbá yín bẹ́ẹ̀ lónìí, wọ́n á tì í lẹ́nu. Wọ́n ti bàbá mi lẹ́nu fóṣù mẹ́fà, nítorí orin tó kọ níbi ìgbéyàwó. Bó bá sọ̀rọ̀, kò sí ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún un. Ilé ìwòsàn ò gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ò gbọ́ ọ."

"Ìkejì?"

"Kẹ́ ẹ ní òtítọ́ ni. Wọ́n á lu oríkì náà ní èdìdì òtítọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ní èdìdì yẹn, kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́, ìjọba fúnra ẹ̀ ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbọn jẹ́bi nìyẹn. Wọ́n á da oje tó ń le bí òkúta sí i lẹ́nu. Kò ní ró mọ́ láyé. Orúkọ bàbá yín náà á wọ inú ìwé àwọn ọ̀daràn igbó."

"Ẹ gbà mí láyè kí n bá ilé sọ̀rọ̀."

Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn àbúrò bàbá rẹ̀, Ọdẹ́yalé, jáde lórí tábìlì, ó gbó, ó ń họ bí ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Ọdẹ́wùmí sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá náà fara balẹ̀ gbọ́, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó fi oríkì rẹ̀ pè é, "búra fún wọn."

"Bàbá?"

"Búra, ọmọ mi. Ẹnu lásán ni. Àwa á mọ̀ lọ́kàn wa pé irọ́ lo pa. Ìbọn la nílò. Kò sí òmíràn ní gbogbo ìlú yìí, wọ́n ti kó wọn lọ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró létí igbó láti ìjọ́ kẹsàn-án, mi ò fẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́."

"Tí mo bá yin ìbọn, kí lẹ máa fi kí i?"

"A ó kí i lọ́kàn."

"Bàbá, ta ní í fi ọkàn kí ọdẹ? Àwọn ọmọ ọmọ wa ńkọ́, ọkàn wa náà ni wọn ó ti gbọ́ ọ? Ìró ìbọn ò ju ìgbà kan lọ. Ó ró, ó tán. Orúkọ ńkọ́?"

"Ìwọ lo wà lẹ́nu ọ̀nà," ni ohùn àgbà náà wí nígbẹ̀yìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Èyí tó o bá gbé délé, òun la ó lò."

Kúṣoró ti mu omi rẹ̀ tán. Ó fi ìdí kọ́ọ̀pù kan dígí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ búra ká máa lọ. Oríkì àwọn ọdẹ, ta ni ò mọ̀ pé àbùmọ́ pọ̀ nínú ẹ̀? Ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú irin yìí? Èmi tí mo ní ìbọn tó ń fojú ara ẹ̀ wá ẹran, ẹyọ kan ni wọ́n fún mi."

Ọdẹ́wùmí yíjú sí i. Ìbínú tó ti ń gùn ún láti àtẹ́lẹsẹ̀ ti dé ọrùn.

"Awọ ẹfọ̀n yẹn ni mo sùn lé títí mo fi mọ̀ rìn, ọ̀gbẹ́ni. Ihò ọta wà létí ẹ̀, mo máa ń ki ìka bọ̀ ọ́ kí n tó sùn lọ. Ẹ ní àbùmọ́. Ẹfọ̀n mẹ́ta yẹn, ta ni ò jẹ nínú wọn? Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Bàbá mi ro ó, ó sì fún gbogbo ayé jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ro nǹkan kan, ta lẹ fẹ́ fún ní tiyín? Orí ẹ̀ lẹ máa gbé kọ́ ara ògiri, ẹ ó jẹ́ kí ìyókù rà."

Àwọn èrò kan rẹ́rìn-ín sínú.

"Ẹ gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa, a dákẹ́," Ọdẹ́wùmí ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ògiri ló ń bá wí báyìí. "Ẹ gba odò, a dákẹ́. Èémí igi wa, ẹ dì í tà fún ará òkèèrè, a dákẹ́. Ìmàdò ń jẹ iṣu wa lójú wa, ẹ ní ká máa wò ó, a ń wò ó. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin òkú. Ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ ẹni, tó gba oko, tó tún ní ká wá bu ẹnu àtẹ́ lu bàbá wa kó tó jẹ́ ká kọjá, kí lẹ fẹ́ kí n máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

"Ìdáhùn ni a ń retí," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Irọ́ tàbí òtítọ́."

Ọdẹ́wùmí di ojú. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde, kí ẹ̀rọ má baà gbọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọlọ́run Ọba, ìwọ tó dá ẹnu kí ẹnikẹ́ni tó rọ ìbọn, kọ́ mi ní èyí tí n ó mú. Má jẹ́ kí n gbé irin délé kí n sọ bàbá mi nù lọ́nà.

Ó la ojú.

"Òtítọ́ ni," ó ní. "Láti orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa."

Ìmọ́lẹ̀ búlúù kan kọjá lójú dígí. Èdìdì ti dé. Ọwọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ láti inú ògiri, ihò kékeré wà lórí rẹ̀.

"Ẹ dúró," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Ẹ jẹ́ kí n dì í mú. Nílé wa, a kì í jẹ́ kí àjèjì nìkan pa ẹnu òkú dé."

Kò sí òfin tó kọ̀ ọ́. Ó gbé ìdí ìbọn lé itan, ó na ẹnu rẹ̀ sókè, ó dì í mú ṣinṣin. Oje funfun ń ṣàn wọ inú irin láìdún, bí ọ̀rá tútù. Ó kún dé òkè, ó yọ díẹ̀, ó gan. Ọdẹ́wùmí ò sunkún. Ó fi etí ìró ìyá rẹ̀ nu èyí tó kán sára awọ ẹtu, ó nù ún títí tó fi mọ́, lẹ́yìn náà ó wé ìbọn padà. Ṣindára bá a so ó.

"Ẹ forí jì mí, Ìyá. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Sọ fún bàbá rẹ pé mo kí i. Ní kó rántí orin yẹn."

Bàálù Ìgbòho ò tóbi. Oòrùn ló fi ń rìn, kì í sáré, wákàtí méjì gbáko ni yóò fi dé. Ìbọn tó ti yadi kì í ṣe ìbọn mọ́ lójú òfin, igi àti irin lásán ni, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí Ọdẹ́wùmí gbé e sórí ẹsẹ̀. Àga Kúṣoró ló wà níwájú rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ rẹlẹ̀ lábẹ́ wọn, tí òkun tó bo Èkó Ìsàlẹ̀ sì ti di ìlà kan lẹ́yìn, Ọdẹ́wùmí tú ọrùn ìbọn sílẹ̀ nínú ìró, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Ọdẹ́rìndé, Àdìgún, ọkọ ìyá mi..."

Ohùn rẹ̀ kún bàálù láti iwájú dẹ́yìn. Àwọn èrò gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ni ohùn kan wí lókè orí. Kò pẹ́ tó fi yí ohùn padà. "A rí èdìdì òtítọ́. Ẹ máa wí."

Ọdẹ́wùmí rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín tútù. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó wí i bí ìyá rẹ̀ ti máa ń wí i, tí ọ̀rọ̀ kan ń gba ibi mẹ́wàá kọjá kó tó délẹ̀: ó dúró lórí ìrókò, ó dúró lórí ègùn tí ọdẹ ti ń ṣọ́ ẹran lókè igi, ó wá dé ìdí ẹfọ̀n, ó ń pe ìwo rẹ̀, ó ń pe iwájú orí rẹ̀, ó ń pe bí ilẹ̀ ṣe ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ti ṣàdúrà fún bàbá lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan dara pọ̀. Kò pẹ́ tí ìdajì bàálù fi ń dáhùn.

Kúṣoró fi irọ̀rí bo etí, kò dí i. Ó tẹ bọ́tìnnì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbẹ̀yìn ó yíjú sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ò ní sinmi ni?"

"Ó ku wákàtí mélòó ká débẹ̀?"

"Wákàtí kan ààbọ̀."

"Ẹ fara balẹ̀ nígbà náà, ọ̀gbẹ́ni," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Orí ẹfọ̀n àkọ́kọ́ la ṣì wà."